Omi Ilé Ọtí Akíndé

Orí àkàbà ni Dàmọ́lá ti kọ́kọ́ rí Aurore. Ọmọbìnrin náà ń fi ọ̀dà funfun pa àwòrán ìgò bíà rẹ́ lára ògiri ilé ọtí àtijọ́ kan, ọ̀dà ti ta sí i nímú, orin sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ọmọkùnrin náà gbàgbé pé omi lòun wá bù.

“Omi lo wá bù ni, àbí èmi lo wá wò?” Aurore bi í.

“Méjèèjì. Ṣùgbọ́n bìdọ́ọ̀nù kan ni mo gbé wá.”

Ẹ jẹ́ kí n yin ilé náà díẹ̀. Akíndé, bàbá Aurore, ló kọ́ ọ láti fi ta ọtí, gbogbo Kétu ló sì mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọtí ò tà mọ́, wọ́n kó àgbàdo sí i. Lẹ́yìn àgbàdo, àwọn aládùúrà gbà á. Ní báyìí, Aurore fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ níbẹ̀. Bí gbogbo àdúgbò bá sì ń wá omi kiri nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kòǹga omi òjò tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ kì í gbẹ. Ilé bẹ́ẹ̀ tó ká kí i.

Láti ọjọ́ náà, omi bẹ̀rẹ̀ sí í tètè tán nílé Dàmọ́lá. Aurore a máa ju ewé tíì sínú bìdọ́ọ̀nù rẹ̀ kí omi náà lè máa ta sánsán. Kí òjò tó padà, ìfẹ́ ti wọ àwọn méjèèjì lára.

Thérèse, ìyá Dàmọ́lá, ló kọ̀. Ilé yẹn ni ọkọ rẹ̀ ti mutí títí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ fi bàjẹ́ tó sì kú, ó sì ti búra pé òun ò ní wọ ibẹ̀ láé. Akíndé náà ní bí ìyá ọkọ ò bá wọlé wá tọrọ ọmọ òun, òun ò ní fún wọn. Inú bí Dàmọ́lá sí ìyá rẹ̀.

“Má bínú sí wọn,” Aurore sọ fún un. “Ohun tí ilé wa gbà lọ́wọ́ wọn pọ̀. Ṣáà bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dé iwájú ilé. Bí wọ́n bá padà láti ibẹ̀, màá gbà.”

Lọ́jọ́ ìtọrọ, gbogbo ẹbí wọlé, àfi Thérèse tó dúró síta. Aurore gbé omi jáde, ó kúnlẹ̀. Ní Kétu, àlejò gbọ́dọ̀ mumi kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, Thérèse sì gbà á. Ó mu ún, ó gbọ́ òórùn ewé tíì, ó tún mu ún.

“Omi tí Dàmọ́lá ń gbé wá fún mi láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìyí. Ó ní ilé ọ̀rẹ́ òun lòun ti ń bù ú.”

Dàmọ́lá, tó ti jáde tẹ̀lé Aurore, ń wo ilẹ̀.

“Ọkọ mi mu nílé yìí, ó kú,” ni Thérèse wí jẹ́jẹ́. “Èmi náà ti ń mu níbẹ̀, mo sì ń sanra.” Ó wo Aurore títí, àánú ọmọ náà ṣe é. “Dìde, ọmọ mi. Mú mi wọlé.”

Nígbà tó wọlé, ó béèrè ibi tí ọkọ òun máa ń jókòó. Akíndé nawọ́ sí igun kan, níbi tí wọ́n tẹ́ ẹní àwọn ọmọdé sí. Ibẹ̀ ni Thérèse lọ jókòó, ibẹ̀ ló sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ Aurore fún ọmọ rẹ̀.