Ẹni Tó Ń Sùn Lẹ́nu Ọ̀nà Àdìzát

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ fi àga sílẹ̀, ẹ bọ́ sórí ẹní. Ìtàn tí mo fẹ́ pa korò, ṣùgbọ́n orin ń bẹ nínú ẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó sì bá mi gbè é.

Ní Sàńgó Ọ̀tà, lẹ́yìn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin, ọmọ tuntun tí Àdìzát bí fún Tahir ọkọ rẹ̀ kú. Wọn ò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Ó kéré bí ọmọ ológbò. Ó sùn, kò jí mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò tíì mọ̀ ọ́n rìn.

Kàfáyá, ìyá Tahir, nu ojú rẹ̀. "Àdìzát, ìyàwó, tètè lóyún míràn o. Ọmọ tó lọ ń wá ọ̀nà àtipadà. Bó bá bá ilẹ̀kùn ní títì, ilé ẹlòmíràn ni yóò yà sí."

Àtẹ́lẹwọ́ Àdìzát ti funfun bí ẹfun. Bó bá dìde, òòyì a kọ́ ọ.

Láti ìgbà náà ni Ẹfúnkẹ́, arúgbó ọmọ Ọ̀tà tó ni ilé tí wọ́n háyà, ti ń tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà Àdìzát lálaalẹ́. Bí Tahir bá ti ibi iṣẹ́ dé, arúgbó a na ẹsẹ̀ dí ọ̀nà. "Ọkọ mi, pálọ̀ ni tìẹ."

Òwìwí ń ké lórí páànù. Bílẹ̀ bá mọ́, arúgbó a gbé abọ́ tó dé lómọrí wọlé tọ Àdìzát. Àwọn obìnrin bá gbé orin dìde nídìí ẹ̀rọ omi:

Arúgbó tí ò sùn ní yàrá ẹ̀,
Kí ló ń ṣọ́?
Ọmọ ti lọ, ó ku ìyá,
Kí ló ń ṣọ́?

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Kàfáyá já abọ́ náà gbà. Ó ṣí i. Pupa fòò!

"Ẹ̀jẹ̀! Ẹ gbà mí o, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọmọ mi rèé!"

Ilé ya jáde. "Àjẹ́! Jẹ́wọ́!" Òkò kan ba Ẹfúnkẹ́ níwájú orí.

"Ìyá Tahir, pòròpórò ọkà bàbà ni mo sè o, omi rẹ̀ ló pupa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló ń tán lára ọmọ yìí."

"Irọ́! Kí ló dé tó o ń dí ọkọ rẹ̀ lọ́nà? O fẹ́ ti ilé ọmọ rẹ̀ pa!"

Àdìzát yọ, ó di ilẹ̀kùn mú. "Màámi, èmi ni mo bẹ̀ wọ́n. Èmi ni mo ní kí wọ́n sùn síbẹ̀. Ẹnu mi ò gbà á láti sọ fún yín. Bí mo bá tún lóyún báyìí, èmi náà ò ní jí."

Ó gba abọ́ náà, ó mu ún tán lójú gbogbo wọn. Ló bá ṣubú.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni wọ́n fi gbé e dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì Abísọ́lá ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ wò, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

"Ta ló ń jẹ ẹ́?" Kàfáyá di ọwọ́ nọ́ọ̀sì mú.

"Oyún tó gorí oyún ni, Màmá. Ẹ̀jẹ̀ tó bá àkọ́kọ́ lọ ò tíì padà tí èkejì fi dé. Ọmọ wá láìtó ọjọ́. A ó fún un lóògùn ẹ̀jẹ̀. Ìfètò sọ́mọ bíbí náà wà, ẹ jẹ́ kó sinmi bí ọdún méjì."

"Ọmọ tó lọ ńkọ́?"

Àdìzát lajú. "Bó bá fẹ́ràn wa, Màámi, á dúró dè mí."

Tahir, tó ti sáré ti ibi iṣẹ́ dé, gbé ojú pamọ́, ó ń sunkún. "Ẹ jẹ́ ká gbà, Màámi."

Ọjọ́ tí wọ́n dá Àdìzát sílẹ̀, Kàfáyá kúnlẹ̀ fún Ẹfúnkẹ́ lójú gbogbo ilé. Arúgbó gbà, ṣùgbọ́n àpá ò kúrò níwájú orí rẹ̀. Wọ́n dúńbú àgbò. Ẹ̀dọ̀ tó jẹ́ pé Tahir nìkan ló máa ń jẹ ẹ́, Kàfáyá gbé gbogbo rẹ̀ sínú àwo Àdìzát, ó jókòó tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán.

Gbogbo ilé jẹ, wọ́n yó, wọ́n pọ́n ọwọ́ lá, oníkálukú bá gba yàrá rẹ̀ lọ.