Ìlà Mọ́kànléláàádọ́rin

Agbọ̀n kan ni mo gbé lọ fún un ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Bàbá mi ni ó hun ún; ọkùnrin tí ń fi ẹ̀rọ yí igi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ayígi, ni ó rà á. Kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ó dojú agbọ̀n náà délẹ̀, ó sì ń fi ìka tọ ìtàkùn rẹ̀ kiri.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń wá nínú rẹ̀?"

"Mo ń wá bí mo ṣe máa jí i ni."

Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni ó tó gbójú sókè, ọkàn mi sì fò sókè pẹ̀lú rẹ̀.

Ó fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn mí: àwo igi tí ó gbẹ́ ojú rẹ̀ ní òrùka tín-ín-rín, ọ̀kan yí èkejì ká. Bí a bá fi kálámù onírin gbígbóná jó ìlà láti àárín dé etí, tí a sì fi yíńkì dúdú àti pupa kun àlàfo wọn, igi yóò di agbọ̀n lójú ẹni.

Kí oṣù mẹ́fà tó pé, èmi ni mo ń jó ìlà, tí mo sì ń kùn ún. Mo sì ti ń pè é ní Adé-orí mi. Ilé ìkọ́ṣẹ́ aránṣọ ni bàbá mi rò pé mo ń lọ. Ẹ̀rù ń bà mí lójoojúmọ́, nítorí ó ti búra pé ẹni tí ń fi igi ṣe ayédèrú agbọ̀n kò ní fẹ́ ọmọ òun láéláé.

"Ìfẹ́ mi, mo ti ránṣẹ́ sí bàbá rẹ pé mò ń bọ̀ lọ́la," ni Ayígi wí. "Ìwọ ni kí o kun àwo tí n ó gbé lọ."

"Kí ni wọ́n fèsì?"

"Wọn ò fèsì."

Mo jó àwọn ìlà náà ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo kùn ún yíká, ó ku àlàfo kan ṣoṣo láti àárín dé etí, ni mo bá rí i pé dúdú yóò pàdé dúdú. Mo ka àwọn ìlà náà: mọ́kànléláàádọ́rin. Iṣẹ́ igi ń fẹ́ iye tí ó ṣé pín sí méjì ọgbọọgba. Àmọ́ ní ilé wa, iye ọ̀pá tí a ń hun ìtàkùn agbọ̀n mọ́ kò gbọdọ̀ ṣé pín bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ti mú kí ọwọ́ mi ka ohun tí ó kọ́ ní kékeré. Ìlà tí iná ti jó kò sì ṣé parẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí Ayígi dé ilé wa, mo fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bàbá mi ń hun agbọ̀n, kò sì fún un ní ìjókòó.

"Ìwọ ni olè tó ń fi igi hun agbọ̀n?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́."

"Tó bá di ọ̀la ńkọ́? Ṣé òkúta lo máa fi ṣe ìrọ̀rí?"

Ó gba àwo náà, ó fún etí rẹ̀ bí ó ti ń fún ti agbọ̀n láti gbọ́ ohùn rẹ̀. Kò dún. Ó pòṣé. Lẹ́yìn náà ni ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yíká, tí ètè rẹ̀ ń mì. Ó ń kà á.

"Ta ló ka èyí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Irọ́ lò ń pa. Ayígi kì í kà báyìí." Kò yíjú padà. "Ìwọ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, jáde wá. Aránṣọ wo ló kọ́ ọ ní èyí?"

Mo kúnlẹ̀. "Bàbá mi, ẹ má bínú. Ẹ̀rù yín ló bà mí. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀."

"Kí ló dé tó o fi àlàfo kan sílẹ̀?"

"Kò bára mu, Bàbá. Dúdú máa pàdé dúdú."

Ó gbé agbọ̀n tí ó ń hun lé mi lẹ́sẹ̀. "Níbo ni ìtàkùn yìí ti parí ìyípo àkọ́kọ́?"

Mo fi ìka tọ̀ ọ́. Kò parí, ó gun orí èkejì.

"Gbogbo agbọ̀n tòótọ́ ló ní ibi tó ti ń gòkè. Mú yíńkì wá."

Mo mú yíńkì nínú àpò Ayígi, mo sì kùn ún lójú bàbá mi: dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúdú, pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ pupa, bí àtẹ̀gùn títí dé etí. Bàbá mi wò ó pẹ́. Ó gbé e sáàárín àwọn agbọ̀n rẹ̀.

"Ayígi, igi rẹ ò lóhùn. Àmọ́ bí ẹ bá délé yín, o ò gbọdọ̀ kọ́ ọmọ mi ní òǹkà mìíràn."

Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sí Ayígi. "Jókòó."