Wọ́n Ní A Kọ̀ Láti Sọ̀rọ̀

Mo la ẹnu sọ̀rọ̀ nígbà tí àsìkò ọ̀fọ̀ mi kò tíì pé, ilé ẹjọ́ sì tún ọ̀ràn ọmọ wa gbé yẹ̀wò.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Dorrie, ló bí ọmọ náà. Lọ́dọ̀ àwa Warlpiri, ẹ̀yà tó ti ni ilẹ̀ wa kí àwọn òyìnbó tó dé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ mi ni. N kò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí, a kì í pe orúkọ ẹni tó ti kú. Nígbà tí kò wálé ní Ọjọ́bọ̀, èmi fúnra mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì.

"Ó ti lọ mutí níbì kan," ni ẹni tó jókòó nídìí tábìlì wí. "Á padà wá."

Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n rí òkú rẹ̀ lẹ́bàá odò gbígbẹ, orí rẹ̀ ti fọ́.

Èmi àti Dorrie kó lọ sí ibùdó àwọn obìnrin tó ń ṣọ̀fọ̀, a sì pa ẹnu dé. Ìyá kì í sọ̀rọ̀ mọ́ títí àwọn àgbà yóò fi tú ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, ó sì lè tó ọdún kan. Ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀. A ń fọwọ́ béèrè tíì, a ń fọwọ́ jà, a ń fọwọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ara wa.

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá wá, mo fọwọ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ń wò mí bíi pé eṣinṣin ni mò ń lé. Wọ́n kọ ọ́ pé: "Ẹbí kọ̀ láti sọ̀rọ̀." Wọ́n ní ọmọ náà ṣubú ni, wọ́n pa fáìlì dé. Àṣìṣe tiwa ni pé a rò pé wọ́n mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ló pa wá lẹ́nu mọ́.

Akọ̀ròyìn kan wá láti ìlú ńlá. Ó lo wákàtí méjì, ó ya fọ́tò ajá wa, ó lọ.

Lóṣù kẹta ọ̀fọ̀ wa ni Shanelle dé, akọ̀ròyìn, Warlpiri bíi tiwa. Ó jókòó sílẹ̀, kò béèrè nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, ó tún wá jókòó.

Ọkùnrin kì í wọ ibùdó wa, nítorí náà Rex, ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin, dúró sídìí wáyà tó yí ibùdó ká, ó ń pariwo.

"Ìwọ ọmọ yìí, o ò níṣẹ́ ni? Ta ló ń ra epo sí ọkọ̀ rẹ?"

"Àjọ kan ni, Bàbá. Wọ́n ń sanwó fún àwa akọ̀ròyìn tó wá látinú ẹ̀yà tó kọ́kọ́ ni ilẹ̀ yìí, ká lè tọpinpin ìwà ọ̀daràn àti ìrẹ́jẹ. Ọdún kan ni wọ́n san fún mi."

"Ọdún kan! Kó o lè máa mu tíì wa?"

"Kí n lè ráyè mu ún. Ta ló ń fi wákàtí méjì mu tíì yín?"

"Àwọn tó ń sanwó yẹn, ṣé àwọn ló máa sọ ohun tó o máa kọ?"

"Wọn kì í rí i kó tó jáde. Ó wà nínú àdéhùn wa. Akọ̀ròyìn yòówù tó bá wá, ẹ bi í: ta ló ń sanwó rẹ, ta ló sì máa kọ́kọ́ kà á? Tí kò bá lè dáhùn, ẹ lé e."

"Ìwọ náà, mo ti fẹ́ lé ọ," ni Rex wí, àmọ́ ó na ìrù kangarúù sísun kan kọjá wáyà fún un.

Èmi kì í gba ọ̀rọ̀ dídùn gbọ́. Mo fọwọ́ bi í pé, "O gbọ́ èyí?"

Òun náà fọwọ́ dáhùn: "Ìyá màmá mi ló kọ́ mi. Ẹ rọra, Àǹtí, ọwọ́ yín yá jù."

Mo rẹ́rìn-ín láìjẹ́ kó dún, mo sì fọwọ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Nígbà tí ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ṣé ẹnikẹ́ni rí yín?" ni ó bi mí.

Ẹnì kankan kò tíì bi mí léyìí rí. "Nọ́ọ̀sì. Ó wá gba kọ́kọ́rọ́ ilé ìwòsàn níbẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Shanelle fi wá nọ́ọ̀sì náà, ó sì rí i ní ìlú mìíràn. Nọ́ọ̀sì ní òun gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ àti ohun tí ọlọ́pàá fi dá mi lóhùn. Shanelle ka ìròyìn tó kọ fún wa kó tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Kò sí orúkọ ọmọ wa níbẹ̀, kò sí fọ́tò rẹ̀.

Nígbà tí ìròyìn náà jáde, ilé ẹjọ́ ní kí n wá búra, kí n sì jẹ́rìí. Wọn kò ní ògbufọ̀ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ọwọ́ wa.

"Mi ò lè ní kẹ́ ẹ la ẹnu, Àǹtí," ni Shanelle wí. "Mo lè kọ̀wé pé kí wọ́n dúró dè yín."

"Má ṣe é," ni ọwọ́ Dorrie wí fún mi.

Mo ro ti ẹni tó fọ́ orí ọmọ wa, tó ń rìn kiri. Mo lọ, mo sì la ẹnu.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ nìyí. Tí ẹ bá lọ fẹjọ́ sùn, ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgba ẹ̀dà ìwé. Tí ọ̀fọ̀ bá pa yín lẹ́nu mọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ sọ fún wọn pé ọ̀fọ̀ ni. Àjọ tó bá sì fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, kó sanwó fún akọ̀ròyìn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ọwọ́ wa, kó sì máa san án títí ọ̀ràn yóò fi parí. Owó Shanelle ti tán. Ẹjọ́ wa kò tíì tán.

Wọ́n ti mú ọkùnrin kan. Lóṣù tó kọjá, àwọn àgbà tú ẹnu Dorrie sílẹ̀. Ó ti ń bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀. Àmọ́ èmi tí mo la ẹnu kí àsìkò tó pé, kì í bá mi sọ̀rọ̀, kì í sì í fọwọ́ sọ nǹkan sí mi mọ́.