Ẹsẹ̀ Tó Gba Ẹ̀yìn Wọ Ọgbà

Omi adágún inú ọgbà ìgbafẹ́ ń mì rọra bí ẹni tó ń tòògbé, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì tẹ́ aṣọ aláwọ̀ oyin lé e lórí. Ọmọbìnrin kan wà lábẹ́ igi létí omi náà. Ẹyẹlé ni wọ́n ń pè é, nítorí ìrìn jẹ́jẹ́ rẹ̀. Ìwé ìdánwò wà ní ṣíṣí lórí itan rẹ̀, kò sì ka ìlà kan. Ìyá rẹ̀ tó ń tọ́jú òdòdó ọgbà ló ń gbọ́ lódìkejì. Obìnrin náà kì í bomi rin òdòdó láìkọrin:

"Mu díẹ̀, mu díẹ̀, ọmọ mi,
Omi ò ní í tán.
Bó o bá jí, kó o rẹ́rìn-ín,
Ayé ń bọ̀ wá wò ọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé e lójoojúmọ́, títí wọ́n fi kan pátákó mọ́ ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ kan: kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ wọlé mọ́ láìra tíkẹ́ẹ̀tì.

"Bàbá, èmi náà mà ni," Ẹyẹlé sọ fún ọ̀gbẹ́ni àgbàlagbà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. "Inú ibí nìyá mi ti ń ṣiṣẹ́."

"Mo mọ̀ ọ́, mo mọ ìyá ẹ. Mo tún mọ tíkẹ́ẹ̀tì, mi ò sì rí i lọ́wọ́ ẹ."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, afẹ́fẹ́ tá à ń mí níta ńbí ńkọ́? Ẹ ò tíì gbowó ìyẹn?"

"Ẹ tètè mí in, kí wọ́n tó ní kí n máa gbowó ẹ̀."

Nígbà tí ìyá délé, ó ń fọ iyẹ̀pẹ̀ kúrò léèékánná, Ẹyẹlé sì dúró tì í.

"Màmá, ṣebí ọgbà gbogbo èèyàn ni. Kí ló dé tí wọ́n ń gbowó?"

"Oṣù mẹ́ta gbáko ni ẹ̀rọ omi fi bàjẹ́, orí mi yìí ni mo fi ń ru omi. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi tún un ṣe. Mo sì mọ̀ pé apá ẹlòmíì ò ká a. Ṣùgbọ́n bí mo bá mú ẹ wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, kí ni màá wí fún ọmọ ẹlòmíì?"

Lọ́jọ́ kejì, Ẹyẹlé gba ìta lọ sẹ́yìn àhéré inú ọgbà tí ìyá rẹ̀ ń kó ọkọ́ àti agolo ìbomirin sí, ó ya igi wẹ́wẹ́ tí wọ́n gbìn yí ọgbà ká, ó sì wọlé. Ilẹ̀ tó bọ́ sí rọ̀ múlọ́múlọ́, kò sí koríko kan níbẹ̀. Ṣe ló dà bí ẹni ń rìn lórí ìkùukùu. Ó pe Ẹlẹ́rìn-ín, Ẹlẹ́rìn-ín pe ẹlòmíì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi di mẹ́fà tó ń gba ibẹ̀ lójoojúmọ́ láti lọ kàwé, nígbà tí ìyá bá wà lápá kejì ọgbà. Àlá dídùn ni lójú Ẹyẹlé: omi ń dán, ewé ń jábọ́ lórí ìwé, kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè.

Ìyá rẹ̀ ní ìṣe kan. Kì í ki igi àmì bọ ilẹ̀ tó bá gbin nǹkan sí, nítorí ọwọ́ ọmọdé kì í jẹ́ kí igi bẹ́ẹ̀ dúró. Orí rẹ̀ ló ń kọ gbogbo ẹ̀ sí. Ilẹ̀ ẹ̀yìn àhéré yẹn ló gbin irúgbìn tuntun sí, nítorí ó rò pé ẹsẹ̀ kankan kì í dé ibẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí òun àti Ẹlẹ́rìn-ín ṣe lúgọ sẹ́yìn igi wẹ́wẹ́ láti wọlé, Ẹyẹlé gbọ́ ohùn ọ̀gá tó ń ṣàbójútó ọgbà lẹ́yìn àhéré.

"Màdáàmù, irúgbìn tí mo kó fún yín dà?"

"Ibí náà ni mo gbìn ín sí, sà."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, ewé kan ò yọ. Mo sì gbọ́ pé irú ẹ̀ ń tà dáadáa lọ́jà."

"Mi ò ta nǹkan kan."

"Ó dáa. Bí kò bá yọ títí Ọjọ́ Ẹtì, ẹ kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kí ẹ máa lọ."

Ìyá kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀. "Ilẹ̀ yìí le," ló ń sọ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Èmi fúnra mi ni mo sì tú u."

"Má sọ nǹkan kan," Ẹlẹ́rìn-ín sọ sí Ẹyẹlé létí. Lọ́tẹ̀ yìí, kò rẹ́rìn-ín. "Wọ́n á dí ọ̀nà wa, ìdánwò sì ti dé tán."

Ẹyẹlé dìde. Ó ya igi wẹ́wẹ́ náà, ó wọlé. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹsẹ̀ wa ni."

Ó tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀gá fi ìdí bírò họ ibẹ̀. Èéhù funfun tín-ín-rín wà nísàlẹ̀, gbogbo wọn ti tẹ̀, wọ́n ti kú. Ìyá wo èéhù, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Ẹ má bínú, màdáàmù," ni ọ̀gá wí. Ó kọjú sí Ẹyẹlé. "Kí ló dé tó ò béèrè kó o tó gba ẹ̀yìn?"

"A ò lówó tíkẹ́ẹ̀tì ojoojúmọ́, sà. Pátákó lẹ kàn sẹ́nu ọ̀nà, pátákó kì í dáhùn."

Wọ́n dí ọ̀nà náà. Wọn ò jẹ́ kí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wọlé títí ìdánwò fi parí, àfi àárọ̀ Àbámẹ́ta tí wọ́n ń wá tú ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ pa. Ilé aláriwo ni Ẹyẹlé ti kàwé, ó sì fìdí rẹmi nínú ẹ̀kọ́ kan. Ìgbà tó yá ni ọ̀gá kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ lókè, wọ́n sì gbà kí ọmọ iléèwé máa wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Àwọn yòókù ṣì ń ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Lọ́jọ́ tí Ẹyẹlé jẹ́wọ́ yẹn, ìyá bá a rìn délé. Ẹnu ilẹ̀kùn ló ti sọ pé: "Ìwọ lo fẹ́ẹ̀ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ìwọ náà lo gbà á padà fún mi. Mi ò tíì mọ èyí tí màá kọ́kọ́ bá ẹ sọ."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ lè jiyàn títí bóyá ó tọ́ kí wọ́n gbowó ẹnu ọ̀nà. Ẹ jà á, ẹ kọ̀wé, ẹ lọ bá ọ̀gá ní ojú ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ẹ má gba ẹ̀yìn wọlé. Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn wọlé ò lè mọ iṣẹ́ ẹni tí ẹsẹ̀ òun ń tẹ̀ mọ́lẹ̀; ó sì lè jẹ́ iṣẹ́ ìyá rẹ̀.