Àtàǹpàkò Lẹ́nu Ihò Púlọ́ọ̀gì

Gbàù! Ẹ́ńjìnnì náà yìnbọn, èéfín dúdú bò mí lójú, Bàbá mi sì fò sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ ejò.

Ọgbà mẹkáníìkì Ọ̀gá Ṣàràfá ní Ìbafò la wà, nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ọdún 2004. Èmi Wòsílátù, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ni mo to ẹ́ńjìnnì náà pa dà. Ọkọ̀ akẹ́rù tí Bàbá fi ń kó pákó láti Ifọ̀ ni. Bàbá ò fẹ́ kí n kọ́ iṣẹ́ yìí rárá. Aṣọ rírán ló fẹ́ fún mi, èmi tí mi ò lè rán bọ́tìnnì kó dúró! Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ títí tó fi sọ pé, "Ó dáa. Bí ọkọ̀ mi bá ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ lónìí, máa kọ́ṣẹ́ ẹ lọ. Bí ò bá ṣiṣẹ́, ilé télọ̀ ni lọ́la."

Káyọ̀, ọmọṣẹ́ tó ṣáájú mi, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Wòsí, táímìn, ìgbà tó yẹ kí ẹ́ńjìnnì taná, lo gbé gbòdì. Má sọ fún ẹnì kankan jàre! Sọ pé dísítírìbútọ̀ tó ń pín iná ló bàjẹ́. Kí Bàbá tó ra òmíì dé láti Mowe, wàá ti tún un ṣe. Ta ló máa mọ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi létí, kí n má parọ́. Mo yíjú sí Bàbá. "Bàbá, ó jọ pé..."

"Ṣé nǹkan kan ló bàjẹ́ ni?" Ó ti ń wá bàtà rẹ̀. "Sọ orúkọ ẹ̀, kí n lọ rà á."

Ó gbà mí gbọ́! Irọ́ tí mi ò tíì pa tán ló ti gbà gbọ́. Ojú tì mí, mo sì kúnlẹ̀ nínú ọ́ìlì.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Nǹkan kan ò bàjẹ́. Èmi ni mo ṣàṣìṣe."

Káyọ̀ pòṣé. Ọ̀gá Ṣàràfá dìde lórí táyà tó jókòó sí.

"Ibo lo ti ṣìnà?"

"Àmì ara púlì tó ń yí níwájú ẹ́ńjìnnì nìkan ni mo wò, Ọ̀gá. Písítìnnì àkọ́kọ́ máa ń dé òkè téńté lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni púlọ́ọ̀gì yẹ kó taná fún un. Nígbà tó bá ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ nìyẹn. Ìgbà kejì, èéfín ló ń tì jáde. Àmì kan náà ni méjèèjì ní. Ti èéfín ni mo mú, torí mo ń kánjú."

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni Ọ̀gá wí. "Báwo la ṣe ń dá wọn mọ̀?"

"Àtàǹpàkò ni, sà."

Ó na sípánà sí mi.

Mo tú púlọ́ọ̀gì àkọ́kọ́, mo fi àtàǹpàkò dí ihò rẹ̀, Káyọ̀ sì bá mi yí ẹ́ńjìnnì. Àmì náà dé ojú ẹ̀, àmọ́ àtàǹpàkò mi ò gbọ́ nǹkan kan. "Máa yí i lọ," mo ní. Ó tún ń bọ̀, ni afẹ́fẹ́ bá ti àtàǹpàkò mi dànù, fúù! "Rọra! Dúró!" Àmì náà wà lójú ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo tún dísítírìbútọ̀ gbé síbẹ̀ kó lè taná fún písítìnnì àkọ́kọ́, mo dá gbogbo rẹ̀ pa dà, mo sì yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Ẹ́ńjìnnì náà gbiná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ń dún geere. Inú mi dùn débi pé mo fò sókè, mo dì mọ́ Káyọ̀, ọ́ìlì àti gbogbo ẹ̀!

Bàbá tẹ́tí sí ọkọ̀ náà fún ìgbà díẹ̀ kó tó kọjú sí mi.

"Wòsílátù, ó ti pẹ́ tí mo ti ń ra ohun tí kò bàjẹ́ nítorí àwọn mẹkáníìkì. Kò sẹ́ni tó tíì sọ fún mi rí pé òun ló ṣàṣìṣe. Láti òní lọ, ìwọ nìkan ni wàá máa tún ọkọ̀ mi ṣe."

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, irọ́ ì bá bò mí láṣìírí lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ Bàbá ì bá má fọkàn tán mi láé. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀ ló ń ráyè tún un ṣe.