Ilé Tí Ọwọ́yá Fún Wọn

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀, Ọwọ́yá bá ìyá rẹ̀ ní pálọ̀ níbi tó ti ń to àga mọ́ ògiri, bí ẹni tó ń múra ìpàdé.

"Màámi, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Àwọn àlejò ẹ ni. Wọn ò ráyè jókòó lánàá." Ìyá náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó mà ṣe o. Kò sí ìkankan nínú wọn tó wọ bàtà."

Ọwọ́yá rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dénú. Àlejò wo? Àwọn méjèèjì nìkan ló ń gbé ilé náà. Ojú ìyá rẹ̀ ti ń di bàìbàì, Ọwọ́yá sì ti gbà pé ọjọ́ ogbó ló dé. Ohun tí kò yé e ni òórùn tó gba pálọ̀, òórùn oògùn tí wọ́n fi ń nulẹ̀ ní ọsibítù. Ó gbóòórùn aṣọ ara rẹ̀, kò sí níbẹ̀. Ó fọwọ́ kan àga kan, ó tutù bí irin. Ìyá yìí nìkan ló kù fún un láyé, kò sì fẹ́ bá a jiyàn. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ojú fèrèsé ìforúkọsílẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ní ọsibítù. Kí dókítà tó rí aláìsàn, òun ló máa bi í ní orúkọ, ọjọ́ orí, àdírẹ́sì àti ẹbí, tí yóò tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ayára-bí-àṣá ni. Ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ o, àmọ́ Ọwọ́yá ni gbogbo ọsibítù ń pè é, inú rẹ̀ sì máa ń dùn sí i. Ohun tó yá kì í pẹ́ mọ́, òun náà kúkú máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyára náà ní ọgbọ́n kan nínú. Kọ̀ǹpútà wọn kì í gba àlàfo. Bí wọ́n bá gbé ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ wá láti títì, tí kò sí ará tàbí ojúlùmọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àdírẹ́sì ilé tirẹ̀ ni Ọwọ́yá máa ń tẹ̀ síbẹ̀. Bó bá kan ibi tí wọ́n ti ń bèèrè ẹbí, á tẹ orúkọ ìyá rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù ìyá náà, nítorí kọ̀ǹpútà kì í gba orúkọ òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Ó máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé ilé làbọ̀ sinmi oko, pé kò dáa kéèyàn má níbi tí yóò padà sí. Àánú díẹ̀ wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ọ̀lẹ ló pọ̀ jù. Púpọ̀ nínú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ kò sì jí mọ́.

Obìnrin kan tí kì í gbóhùn sókè ni olùkọ́ tí wọ́n rán sí wọn.

"Ẹ má dáhùn fún aláìsàn," ó ní. "Ẹ bi í, kẹ́ ẹ sì ka ohun tó bá sọ padà sí i létí. Èyí tẹ́ ò bá mọ̀, ẹ kọ ọ́ pé a ò mọ̀. Wọ́n ti tún kọ̀ǹpútà yín ṣe, ó ti ń gbà á báyìí."

Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n yẹ iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe sẹ́yìn wò. Ó ṣí ọ̀kan nínú àwọn tí Ọwọ́yá forúkọ wọn sílẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà ẹbí tó wà níbẹ̀, ó sì gbé fóònù sórí tábìlì kí gbogbo wọn lè gbọ́. Ọwọ́yá rí i lójú kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin kan tí ọkọ̀ gbá ni; kò sí i nínú ìforúkọsílẹ̀, àmọ́ Ọwọ́yá rántí pé ó kú kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ó mọ̀ pé àṣírí fẹ́ tú.

"Ẹ̀lóò?" Ohùn ìyá rẹ̀ ni.

"Ẹ kú ilé, mà. Láti ọsibítù ni. Ọkùnrin kan tí ọkọ̀ gbá, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Èyí tó ní ọgbẹ́ níwájú orí? Ọmọ mi ni. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Ó jókòó tì mí báyìí, ṣé kí n gbé e fún un?"

"Ó tì o, mà. Ẹ ṣeun." Olùkọ́ pa fóònù. "Ẹ pàtẹ́wọ́ fún Ọwọ́yá. Tiẹ̀ pé."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọwọ́yá tẹjú mọ́ fóònù orí tábìlì.

Nígbà tí wọ́n tú ká lọ jẹun, kò tẹ̀ lé wọn. Ó ṣí gbogbo ẹni tó fún ní ilé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pa àdírẹ́sì náà rẹ́, ó sì tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé, "A ò mọ̀." Ọwọ́ rẹ̀ kò yá tó bẹ́ẹ̀ rí. Bó ṣe parí, ó pe ìyá rẹ̀.

"Màámi, ṣé wọ́n ṣì wà níbẹ̀?"

"Wọ́n ti ń dìde. Wọ́n ní ibí kì í ṣe ilé àwọn mọ́." Ọwọ́yá ń gbọ́ bí àga ṣe ń họ ilẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ, mà."

"Ó dáa. Jẹ́ kí n wá bàtà mi."

Ọwọ́yá mí kanlẹ̀. Ó rò pé ìyá fẹ́ sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ni, nítorí ọlọ́yàyà èèyàn ni ìyá náà.

Lẹ́yìn oúnjẹ, olùkọ́ dé orí ọ̀rọ̀ ẹbí. "Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti ṣọ́ra jù," ó ní. "Ẹni tẹ́ ẹ bá kọ síbẹ̀ ni aláìsàn ní láyé. Òun ló máa tẹ̀ lé e lọ síbi yòówù tí wọ́n bá ń gbé e lọ."

Ọwọ́yá wo kọ̀ǹpútà iwájú rẹ̀. Àdírẹ́sì nìkan ló pa rẹ́. Orúkọ ìyá rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó pe fóònù ìyá rẹ̀. Ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Kò dágbére fún ẹnikẹ́ni, eré ló sá títí tó fi délé.

Ilẹ̀kùn ilé ṣí sílẹ̀ gbayawu. Fóònù wà lórí àga, kò sí òórùn kankan mọ́ ní pálọ̀. Bàtà ìyá rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó tò wọ́n síra wọn dáadáa.

Baba télọ̀ tó ń ránṣọ lódìkejì títì dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró.

"Ṣé o ò pàdé wọn lọ́nà ni? Mi ò mọ̀ pé ẹ pọ̀ tó yẹn lọ́wọ́ màmá o. Gbogbo wọn ló ń pè é ní màmá, tí wọ́n yí i ká."

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni wọ́n lọ?"

"Mo bi wọ́n. Màmá ẹ gan-an ló dá mi lóhùn." Ó ń wo bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà. "Ó ní, 'A ò mọ̀.'"