Ohùn Tí Mo Pè Kúrò Lọ́dọ̀ Gerda

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. N kò lá a, ibà kò mú mi. Ó ti di ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Downsview, ní Kánádà. Mo ti jókòó ti òkú di ìdájí. Mo mọ ìyàtọ̀ láàárín etí tó ti rẹ̀ àti etí tó gbọ́ nǹkan.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Alameen. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Nígbà tó pé mẹ́rìnlá, ohùn rẹ̀ yí padà. Ó kí mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo sì fò dìde, mo rò pé ọkùnrin àjèjì kan ló wọlé. Ohùn náà jìn bíi kànga. Nínú ààwẹ̀, òun ló máa ń jí mi sí sààrì, á dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, á rọra máa kọ wéré. Ní ọjọ́ tó kù, èmi ni mò ń fi oríkì jí i: Àjàgbé. Kò sí ẹlòmíràn tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Kánádà.

Ó lọ kọ́ orin ní yunifásítì. Ibẹ̀ ló ti mọ Gerda, tó gbà á lọ́wọ́ mi.

Obìnrin Jámánì ni Gerda, opó, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó ń tẹ píánò fún àwọn akọrin nílé rẹ̀ ní Newmarket. Ó tó ìyá mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n n kò ní pè é ní "wọn" nínú ìwé yìí. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Gbogbo Sátidé ni Alameen ń lọ bá a. Orin ọkùnrin Jámánì kan tó ti kú tipẹ́ ni wọ́n ń kọ, ohùn kan àti píánò kan, kò sí ìlù, kò sí elégbè. Alẹ́ ni orin náà ń sọ, àti omi, àti ẹni tí kò ní padà wá mọ́. Ohùn òkè ni wọ́n kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn fún. Gerda á mú pẹ́ńsù, á tún wọn kọ, á máa sọ̀ wọ́n kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọn ó fi bá ọ̀fun ọmọ mi mu.

"Gerda says I can go even lower," ó wí fún mi.

"Gerda? Ẹgbẹ́ ẹ ni?"

"Mom, that's her name."

"A ò ní auntie mọ́ nílé yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Màámi, ẹ̀ ń jowú."

"Èmi? Kí n wá máa jowú arúgbó tí eyín ẹ̀ ò pé?"

Mò ń jowú. Òórùn kọfí obìnrin náà ló ń bá a wálé. Oúnjẹ mi ń tutù dè é. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ó ń kùn orin sínú, ìka rẹ̀ ń rìn lórí tábìlì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún mi pé ilé orin kan ní Jámánì fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú oṣù kẹta. Bí wọ́n bá gbà á, ọdún méjì ni yóò lò níbẹ̀. Gerda ni yóò bá a lọ. Wọn kò bi mí.

Ní Sátidé kan nínú oṣù kìíní, mo se mọ́ín-mọ́ín, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Newmarket. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Agogo mẹ́rin kọjá, ilẹ̀ ti ń ṣú. Yìnyín ti bo gbogbo àdúgbò. Kò sí ìró ajá, kò sí ti ọkọ̀.

Wọn kò fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn. Mo bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀wù òtútù Alameen wà lórí ìkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Gerda. Apá ẹ̀wù méjèèjì kan ara wọn.

Ó ń kọrin nínú yàrá. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ báyìí rí láti ọjọ́ tí mo ti bí i. Ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń lọ. Píánò náà ń tẹ̀lé e bí ẹni tó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ìyá mi kìlọ̀ fún mi nígbà kan pé bí ara ènìyàn bá wà níbì kan tí ọkàn rẹ̀ wà níbòmíràn, kí n má pe oríkì rẹ̀. N kò bi wọ́n ní ìdí.

Mo pè é.

"Àjàgbé!"

Orin náà dúró. Píánò dúró.

Ẹnìkan dáhùn lẹ́yìn mi, níbi tí ẹ̀wù wà, nítòsí etí mi.

"Màámi."

Mo yíjú. Ẹ̀wù nìkan ni mo rí. Mo sáré wọ yàrá. Alameen dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ píánò, ó la ẹnu, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀fun mú. Nǹkan kan kò jáde. Gerda kò wo Alameen. Èmi ló ń wò.

Dókítà fi iná wo ọ̀fun rẹ̀. Wọ́n ní kò sí egbò, kò sí wíwú, kí ó sinmi. Ọmọ mi ń fi fóònù kọ ọ̀rọ̀ hàn mí. Ó ń jẹun nílé. Kí n má purọ́, inú mi dùn sí ìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹrin, ó jáde. Mò ń ká aṣọ rẹ̀, mo sì pè é láìronú. Yàrá rẹ̀ dáhùn.

"Màámi."

Mo ṣí ilẹ̀kùn. Ibùsùn. Ìwé. Fèrèsé. Mo ka Áyátúlì Kúrísíyù láti fi lé e. Ó dákẹ́ títí mo fi kà á tán. Ó tún wá ní, "Màámi."

Láti ìgbà náà, bí Alameen bá ti jáde lọ́sàn-án, mo ń pe ohùn náà. Ó ń jẹ́ mi. Nígbà mìíràn ó ń kọ orin Gerda fún mi, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ ju ti ọjọ́ àná lọ. Omi ń gbọ̀n nínú ife.

Mo bá Àbdùlgàfár pàdé nínú ẹ̀rọ agbéniròkè ilé alájà tí à ń gbé. Ìsàlẹ̀ ilé wa gan-an ló ń gbé.

"Màmá Alameen, Alhamdulillah! Ohùn ti padà!"

"Ohùn wo?"

"Ohùn Alameen náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó rọra. Abẹ́ ilẹ̀ wa ló dà bíi pé ó ti ń kọ ọ́. Ọmọ mi ò fẹ́ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ mọ́."

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí wọ́n wọ bàálù, Gerda pè mí.

"Ṣé ọ̀dọ̀ yín ló wà?" Kò sọ ohun tó ń bèèrè.

"Kí ni?"

"Mò ń tẹ píánò ní agogo mẹ́rin lójoojúmọ́. Mò ń fi àyè sílẹ̀ fún un. Kò wá."

"Kò sí níbí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é fún ọjọ́ mẹ́ta. Kó lè rí ọ̀nà padà sí ara ọmọ yín."

N kò sọ fún un rí pé mò ń pè é.

Ọjọ́ méjì ni mo fi pa ẹnu mọ́, n kò pè é. Lónìí, ọjọ́ kẹta, Alameen jáde láti yàrá rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Màgárúbù, omi wà lójú rẹ̀. Ó la ẹnu.

"Màá..."

Ó kéré, ó há, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni. Mo dì mọ́ ọn. Mo sunkún. Mo ní Ọlọ́run ṣeun. Ó mú fóònù, ó kọ ọ́ hàn mí: *I called Gerda first. She cried. She says we can still make it.*

Gerda ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Mo rẹ́rìn-ín sí ọmọ mi. Mo lọ sí ilé ìdáná, mo ṣí omi ẹ̀rọ kí ó máa dún. Mo tẹ orí ba sórí àwokòtò tí omi ń dà sí, mo sì rọra pè.

"Àjàgbé."

Omi nìkan. Ilẹ̀ gbọ̀n díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Lẹ́yìn náà ni ó sọ̀rọ̀, láti ìsàlẹ̀ tó jìn ju ti ìgbàkígbà lọ, pẹ̀lú ìkẹ́.

"Àwẹ̀ró."

Oríkì tèmi nìyẹn. Alameen kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó pè mí bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn wà nínú sàréè ní Ìwó.

Ẹnu mi ti jẹ́ ẹ kí n tó rántí pé a kì í jẹ́ ìpè tí a kò rí ẹni tó pè wá.

Ilẹ̀ ti ṣú gan-an báyìí. Alameen ti sùn. N kò mọ̀ bóyá ohùn tirẹ̀ ṣì wà lọ́fun rẹ̀. Èmi, láti ìgbà tí mo ti ti omi ẹ̀rọ náà pa, ìwé ni mò ń kọ. N kò tíì la ẹnu wò bóyá tèmi ṣì wà.